Iná lọ, UPS mọ̀: ta ló máa sọ fún NAS?

Ayàwòrán Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, àti Ojúde Ọba tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Orí NAS Synology oní-díìsìkì mẹ́rin, ìyẹn àpótí tó ń pa fáìlì mọ́ tó sì ń pín in lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni mo kó gbogbo iṣẹ́ náà sí. Mo so ó mọ́ ráútà ilé kí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lè máa lò ó láti orí kọ̀ǹpútà wa. UPS 650VA, àpótí tó ní bátìrì nínú, ló ń gbé e bí iná ọba bá lọ.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, tí kò sì sí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, bátìrì UPS á tán, NAS á sì kú lójijì. Nígbà tí iná bá dé, á ní wọn kò pa òun dáadáa, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn díìsìkì wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní tan mọ́. Àwòrán ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú àwọn tó wà nínú fọ́tò ọ̀hún ti di olóògbé. Ibo ni mo ti fẹ́ rí wọn yà mọ́?

Mo rí ihò USB lẹ́yìn UPS náà, okùn rẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Ṣé òun ni kí n so? Kí ni mo sì máa ṣe lórí NAS fúnra rẹ̀?

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣágámù

Ọ̀gá ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́ o. Òun gan-an ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra UPS nítorí bátìrì inú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi okùn yẹn sílẹ̀ nínú páálí, bẹ́ẹ̀ okùn yẹn ni ààbò wà. Ohun tí bátìrì lè ṣe kò ju kó fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Okùn USB ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá NAS: iná ti lọ o, bátìrì la wà lórí rẹ̀, bátìrì ti fẹ́ tán. Bí NAS bá gbọ́, á kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí díìsìkì, á ti gbogbo fáìlì, á sì sinmi kí iná tó dá pátápátá. UPS tí kò ní okùn yìí dà bí ọdẹ tó rí olè tí ẹnu rẹ̀ di.

Ìdí tí kíkú lójijì fi burú nìyí. NAS kì í kọ gbogbo nǹkan sórí díìsìkì lójú ẹsẹ̀. Inú mẹ́mọ́rì ló ń kọ́kọ́ gbà á sí, díìsìkì fúnra rẹ̀ náà sì ní mẹ́mọ́rì kékeré tirẹ̀ tó fi ń gba nǹkan dúró. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì ti lọ nìyẹn, bí ojú kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ti sọ fún yín pé ó ti wọlé. Tí ẹ bá tún ń lo RAID 5, ètò tó ń pín fáìlì kan sórí díìsìkì púpọ̀ kí ọ̀kan lè bàjẹ́ láìsọnù, díìsìkì kan lè ti gba tirẹ̀ kí èkejì má tíì gbà. Ìṣirò tí wọ́n fi ń tún díìsìkì tó bá bàjẹ́ kọ kò ní bára mu mọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi ń fi wákàtí rẹpẹtẹ yẹ ara rẹ̀ wò.

Bí ẹ ó ṣe so ó: orí okùn tó rí bí onígun mẹ́rin lọ sí ẹ̀yìn UPS, orí pẹlẹbẹ lọ sí ihò USB èyíkéyìí lẹ́yìn NAS. Àwọn UPS APC kan wà tí ihò tiwọn jọ ihò okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Okùn tó bá a wá nìkan ni kí ẹ fi bọ̀ ọ́, ẹ má ki okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú NAS láti orí bráúsà, ẹ ṣí Control Panel, ẹ lọ sí Hardware & Power, ẹ tẹ UPS. Ẹ máàkì Enable UPS support, ẹ yan USB UPS, ẹ tẹ Apply. Kí ẹ wá tẹ Device Information. Bí orúkọ UPS yín bá jáde níbẹ̀, wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìgbà tí ẹ fẹ́ kó wọ Safe Mode. Safe Mode yìí ni ìgbà tí NAS á dá gbogbo iṣẹ́ dúró, tí á sì ti ilẹ̀kùn díìsìkì, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè kọ nǹkan kan sí i mọ́.

Ayàwòrán Ìjẹ̀bú-Òde

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti so ó, orúkọ rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ́n ní kí n yàn níbi Safe Mode: kó dúró títí bátìrì á fi fẹ́ tán, tàbí kó ka iye ìṣẹ́jú tí mo bá kọ. Mo rò pé kí n jẹ́ kó dúró títí bátìrì á fi fẹ́ tán, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Àbí?

Oníná Ìjẹ̀bú-Igbó

Rárá o, ọ̀gá. Bó bá jẹ́ ìlú tí iná kì í lọ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, mi ò ní jiyàn. Ní tiwa níbí, iye ìṣẹ́jú ni kí ẹ yàn, kó má sì pọ̀. Ìṣẹ́jú 5 ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí iṣẹ́ iná ni mo fi ń jẹun.

Bí iná bá lọ, ọ̀kan nínú méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Bóyá ẹnìkan á tan jẹnẹrétọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí kí iná náà lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 5 tó. Tó bá jẹ́ ti ìkejì, bátìrì kékeré yẹn kò lè dé ibi tí iná á ti padà dé, kí ló dé tí a fẹ́ fi fá a tán?

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé iná wa kì í sábà lọ lẹ́ẹ̀kan kó dúró síbẹ̀. Ó lè lọ, kó dé fún ìgbà díẹ̀, kó tún lọ. UPS kékeré máa ń gbà tó wákàtí 6 sí 8 kó tó gba iná kún padà. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí bátìrì tán nígbà àkọ́kọ́, tí NAS tan padà nígbà tí iná dé, tí iná sì tún lọ kí bátìrì tó jẹ nǹkan kan, NAS á kú lójijì pẹ̀lú okùn USB lẹ́yìn rẹ̀. Okùn á sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí àkókò láti ṣe ohunkóhun. Bátìrì tí ẹ fi ìṣẹ́jú 5 péré lò ṣì ní agbára tó pọ̀ tó láti gba NAS là lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Bátìrì 12V, 7Ah ló sábà máa ń wà nínú UPS 650VA. 12 lọ́nà 7 jẹ́ 84, ìyẹn wáàtì-wákàtí 84 lórí ìwé. UPS fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, bátìrì irú èyí kì í sì í mú gbogbo agbára rẹ̀ jáde bí ẹ bá ń fà á kíákíá. Ẹ fi ojú ìdajì wò ó. NAS oní-díìsìkì mẹ́rin ń jẹ bíi wáàtì 30 sí 40, ráútà bíi 10. Bátìrì tuntun lè gbé wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sí 60. Èyí tó ti lo ọdún méjì nínú yàrá gbígbóná, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdajì ìyẹn. Nọ́ńbà tí UPS ń kọ pé ó ku ìṣẹ́jú báyìí-báyìí, àfojúbù lásán ni lórí bátìrì tó ti gbó: ó lè ní ó ku 20, kó sì wó lulẹ̀ ní 3.

Ẹ tún máàkì ibi tí wọ́n kọ Shutdown UPS when the system enters Safe Mode sí. Bí ẹ kò bá máàkì rẹ̀, NAS á wọ Safe Mode lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ṣì máa tàn wínní-wínní lórí bátìrì títí bátìrì á fi gbẹ. Bátìrì olójé kò fẹ́ràn kí a máa fà á gbẹ, ó ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣágámù

Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ oníná. Ẹ kàn mọ̀ pé bí ẹ bá máàkì èyí tó sọ gbẹ̀yìn, gbogbo ohun tó wà lórí UPS ni iná á kúrò lára wọn, ráútà pẹ̀lú. Àwọn UPS olówó pọ́ọ́kú kan sì wà tí wọn kì í gbọ́ àṣẹ yìí. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti títan padà, ní ẹ̀gbẹ́ General ní ibi Hardware & Power kan náà, ẹ ó rí Restart automatically when power supply issue is fixed. Èrò tèmi: bí ẹnìkan bá sábà máa ń wà nílé, ẹ má máàkì rẹ̀. Kí iná dé, kó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí bátìrì jẹ nǹkan díẹ̀ kún, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín tan NAS. Bó bá jẹ́ ibi tí kò sí ènìyàn ni, ẹ máàkì rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá UPS yín wà lára àwọn tí ẹ lè sọ fún pé kó má gbé iná jáde àfi bí bátìrì rẹ̀ bá ti dé ìwọ̀n kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fún àwa tí a kò lówó NAS olórúkọ, kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo sọ di NAS, TrueNAS ni mo gbé sórí rẹ̀. Ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni NUT, òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú Synology àti QNAP, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè wúlò fún gbogbo wa.

Nínú TrueNAS, ẹ lọ sí ibi Services, ẹ wá UPS. Wọ́n á ní kí ẹ yan dráífà, ìyẹn ètò kékeré tó gbọ́ èdè UPS yín. Ọ̀pọ̀ UPS olórúkọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú usbhid-ups. Àwọn UPS tí kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ, tí a máa ń rí rà lójà, nutdrv_qx tàbí blazer_usb ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ibi Port, ẹ kọ auto. Ibi Shutdown Mode, ẹ yan UPS goes on battery, kí ẹ wá kọ iye ìṣẹ́jú àáyá sí Shutdown Timer. 30 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tèmi, mo kọ 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5 tí ẹ̀gbọ́n oníná wí.

Láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ́, ẹ tẹ upsc ups@localhost lórí ojú àṣẹ (Shell), ẹ fi orúkọ tí ẹ sọ UPS yín rọ́pò ups tó wà ṣáájú @. Ẹ wo ìlà ups.status. OL túmọ̀ sí pé iná ọba wà, OB pé bátìrì la wà, LB pé bátìrì ti fẹ́ tán. Bí battery.charge kò bá sí nínú ohun tó kọ jáde, UPS yín kì í sọ iye tó kù nínú bátìrì rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé òun ń dúró de ìgbà tí bátìrì bá fẹ́ tán, àfi iye ìṣẹ́jú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀gá ayàwòrán máa fẹ́ràn. Okùn USB kan ṣoṣo ni UPS ní, ṣùgbọ́n NAS lè máa ka ìròyìn UPS fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Ní Synology, ẹ máàkì Enable network UPS server, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì IP àwọn kọ̀ǹpútà tó láṣẹ láti gbọ́ sí Permitted devices. Ojú ọ̀nà (port) 3493 ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Linux tó ní NUT, ẹ kọ MODE=netclient sínú fáìlì nut.conf, kí ẹ sì kọ ìlà yìí sínú fáìlì upsmon.conf:

MONITOR ups@192.168.1.10 1 monuser secret slave

Ẹ fi àdírẹ́sì NAS tiyín sí ibi nọ́ńbà yẹn. Monuser (orúkọ) àti secret (ọ̀rọ̀ aṣínà) ni Synology fi síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Fún Windows, ẹ wá ètò WinNUT.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣágámù

O ṣeun, àbúrò mi, o ti là á yé wọn. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ọ̀rọ̀ tó bá ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá kò lè dé bí ráútà bá ti kú. Ráútà tàbí switch (àpótí tó ń so okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) tó wà láàárín NAS àti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí UPS náà. Lẹ́yìn UPS kan, ẹ ó rí ihò iná oríṣi méjì, ọ̀kan ní bátìrì lẹ́yìn, ìkejì kàn ń dènà iná àgbéga ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó ki nǹkan bọ̀ ọ́.

Àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ dé orí rẹ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser, áyọ́ọ̀nù, fáànù ńlá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser máa ń fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì nígbà tó bá ń gbóná, bẹ́ẹ̀ wáàtì bíi 360 sí 390 ni gbogbo agbára UPS 650VA.

Olùkọ́ Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inverter àti sólà ni mo ní nílé ní Ìpẹru, NAS QNAP kékeré ni mo sì fi ń pa ìwé àti fídíò ẹ̀kọ́ mọ́. Inverter mi ń gbé ilé dàárọ̀. Ṣé mo tún nílò UPS ni? Ọkọ mi ní owó ṣòfò ni.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣágámù

Tíṣà wa, ọ̀rọ̀ bàbá kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Nǹkan méjì ni inverter kì í sábà ṣe. Àkọ́kọ́, yíyí láti orí iná ọba sí orí bátìrì. Ọ̀pọ̀ inverter tuntun ní ipò méjì: ọ̀kan tí wọ́n pè ní UPS, tó ń yí láàárín nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdì 10, èkejì tí wọ́n ṣe fún fìríìjì àti fáànù, tó lè tó 20. Bí tiyín bá wà ní ipò kejì, NAS lè tún ara rẹ̀ tan ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fi í síbẹ̀ yí i sí ipò UPS.

Ìkejì ni pé inverter yín kì í bá NAS sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí oòrùn kò ràn, bátìrì inverter á tán ní òru, NAS á sì kú lójijì bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Nítorí náà, UPS kékeré kan láàárín inverter àti NAS kì í ṣe owó ṣòfò. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà kò ju pé kó sọ fún NAS pé inverter ti sùn, kó sì gbé e fún ìṣẹ́jú 5 tó máa fi palẹ̀ mọ́. Èyí tó kéré jù lọ́jà tó bá ti ní ihò USB ti tó. Lórí QNAP, inú Control Panel, ní ibi External Device, ni ẹ ó ti rí ètò UPS, ẹ ó sì yan iye ìṣẹ́jú tó máa kà kó tó pa ara rẹ̀.

Oníná Ìjẹ̀bú-Igbó

Àfikún kan ṣoṣo, Tíṣà: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ inverter tí iná rẹ̀ mọ́, èyí tí wọ́n ń kọ pure sine wave sí lára. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ tí iná rẹ̀ ń ṣe ṣákaṣàka, UPS lè kọ̀ ọ́ pé kì í ṣe iná gidi, á wá máa fò sórí bátìrì tirẹ̀, NAS á sì máa gbọ́ pé iná lọ nígbà tí iná wà.

Akọ̀wé Ìjọ Ìkẹ́nnẹ́

Irú fífò yẹn gan-an ni tiwa ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọ, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ni. Bí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀, UPS á máa ró ta-ta-ta, á máa lọ á máa bọ̀. Fídíò ìsìn gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló wà lórí NAS yẹn. Ẹnìkan tún fẹ́ fún wa ní UPS ńlá tó kó wá láti Amẹ́ríkà. Ṣé kí a gbà á?

Oníná Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìyáàfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìn UPS Amẹ́ríkà yẹn kẹ́ ẹ tó ki plọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ògiri. Bí wọ́n bá kọ 120V sí i, iná wa tó jẹ́ 230V á jó o lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí a pààrọ̀ orí plọ́ọ̀gì. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, kẹ́ ẹ sì ra èyí tí wọ́n ṣe fún 230V, 50Hz.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, iná rẹ̀ ni kò dúró sójú kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, á tún ga, ìyára rẹ̀ á sì kúrò ní 50Hz. UPS ń rí i, ó ń sá fún un. Ẹ kọ́kọ́ dín ẹrù orí jẹnẹrétọ̀ kù, pàápàá omi fífà àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń tan tó ń kú. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún ìyára rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ UPS ní ibi tí a ti lè dín ìfura rẹ̀ kù, kó má fi gbogbo ìyípadà kékeré ṣe ìjà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Nínú NUT, input.sensitivity ni orúkọ ìfura yẹn. Bí UPS yín bá jẹ́ irú tó gbà kí a yí i, àṣẹ upsrw lẹ fi máa sọ ọ́ di low.

Oníná Ìjẹ̀bú-Igbó

O ṣeun. Iná ọba náà lè ní àìsàn yìí. Àdúgbò tí iná rẹ̀ máa ń wá ní hááfù ní ìrọ̀lẹ́, UPS á máa fi bátìrì gbé e lójoojúmọ́, bátìrì rẹ̀ kò sì ní pẹ́ kú. Ẹ fi sìtàbíláísà tó ní agbára tó síwájú UPS, kó máa gbé iná náà sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síwájú UPS ni mo wí o, kì í ṣe láàárín UPS àti NAS.

Òjò àti àrá ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí mo ti rí ilé tí àrá ti gba inú wáyà wọlé. UPS kò lè dá àrá tó bá sán sórí òpó dúró. Ẹ ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wáyà ẹ́ẹ̀tì dé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì nítorí pé kò wọ ihò. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń bọ̀ láti orí òrùlé, láti ara eriali íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kámẹ́rà ìta, ọ̀nà tí àrá ń gbà ni. Ó lè fo UPS dá pátápátá, kó gba inú ráútà dé NAS. Bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ pa NAS, ẹ yọ UPS kúrò lára ògiri, kí ẹ sì yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Ewu míì ni wáyà nútírà tó já lórí òpó. Iná tó yẹ kó jẹ́ 230 lè sún mọ́ 400 nínú ilé yín. Ẹ ní kí oníná yín fi ohun tó ń gé iná àgbéga sí ibi mítà.

Ayàwòrán Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti fi ìṣẹ́jú 5 sí i, mo ti yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lórí UPS. Ó ku kí n dán an wò, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti fọwọ́ ara mi gé iná.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣágámù

Ẹ má bẹ̀rù, ọwọ́ ara yín ló sàn jù, nígbà tí ẹ wà nílé tí ẹ sì ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí UPS gba iná mọ́jú. Ní àárọ̀, kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ yín ti fáìlì wọn, kí ohunkóhun má ṣe máa wọ inú NAS. Ẹ sọ ìṣẹ́jú 5 di 1 fún ìdánwò yìí nìkan. Ẹ wá pa iná láti orí bọ́tìnì sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má fa plọ́ọ̀gì yọ, kí wáyà ẹ́ẹ̀tì lè ṣì wà níbẹ̀. UPS á ké, NAS á kọ ọ́ sínú Log, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, pé iná lọ, tó bá sì di ìṣẹ́jú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ẹ dúró títí yóò fi parí, kẹ́ ẹ tó tan bọ́tìnì padà. Bó bá ti jí, ẹ wo Log náà: kò gbọdọ̀ sọ pé wọn kò pa òun dáadáa. Ẹ dá a padà sí 5. Kí ẹ máa tún ìdánwò yìí ṣe láti ìgbà dé ìgbà, pàápàá kí àkókò iṣẹ́ púpọ̀ tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè ṣaláì sọ: gbogbo èyí kò rọ́pò ẹ̀dà. Díìsìkì mẹ́rin nínú àpótí kan, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì wà. Olè, iná, àrá, ìkan nínú wọn lè kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ra díìsìkì ńlá kan, ẹ kó àwọn àwòrán àwọn olóògbé yẹn sí i, kí ó máa gbé ní ilé ẹlòmíràn.

Akọ̀wé Ìjọ Ìkẹ́nnẹ́

A ti kọ UPS Amẹ́ríkà yẹn. Ṣùgbọ́n oníná àdúgbò wa ní òun lè so bátìrì ọkọ̀ mọ́ èyí tó wà nílẹ̀, kó lè pẹ́ dáadáa.

Oníná Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri. UPS kékeré ni wọ́n ṣe láti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbé ẹrù. Bó bá ń gbé e fún wákàtí mẹ́rin, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì inú rẹ̀ náà kéré fún bátìrì ọkọ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìkún. Ilé ìjọ ni, iná lè ràn níbẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́, inverter ni kó rà.

Bátìrì tó yẹ nínú rẹ̀ ni kí ẹ máa pààrọ̀. Ní ibi tútù tó wà ní bíi 25°C, ó lè lo ọdún 3 sí 5. Ooru ń jẹ ẹ́: bí ibi tó wà bá fi nǹkan bí 10°C gbóná ju ìyẹn lọ, ẹ̀mí rẹ̀ á dín kù sí bí ìdajì. Nítorí náà ẹ má gbé UPS sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ kò dé, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi í sí i sára rẹ̀. Bó bá ti wú níkùn, tàbí tí UPS kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí iná bá ti lọ, ó ti parí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pa NAS, ẹ pa UPS, ẹ yọ ọ́ lára ògiri. Ẹ wo iye fólítì rẹ̀ àti bí orí irin rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, nítorí oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan fẹ̀ díẹ̀. Bátìrì 9Ah tó bá ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú 7Ah lè wọ ibẹ̀ bí ẹ bá rí i. Wáyà pupa sí ibi pupa, dúdú sí ibi dúdú, kí méjèèjì má kanra. Ẹ má ju ti àtijọ́ sí ààtàn, òjé àti ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ra bátìrì òkú á gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì fún yín lówó díẹ̀ lé e.